Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Ọba Inú Eré
Ọba lé mi nílùú lónìí, mo ní mi ò lọ.

Eré àtijọ́ ilẹ̀ Òyìnbó là ń ṣe ìdánrawò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Angwan Rukuba. Èmi ni ìránṣẹ́ tó sọ fún ọba pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń tàn án.

Bàbá Tíṣà tó ń ṣe ọba bínú, wọ́n ní kí n jáde nílùú. Mo dọ̀bálẹ̀.

Àǹtí Bísí, olùdarí wa, ní: "Haba, Gbénga, máa lọ."

"Àǹtí, àgbà ń bínú, ẹ ní kí n kẹ̀yìn sí wọn?"

Bàbá ní: "Dìde, ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́."

Eré parí síbẹ̀.

Àǹtí ní tí mi ò bá lọ lọ́la, ẹlòmíì ló máa ṣe ìránṣẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ lè lọ láì bẹ Bàbá?