Bí Ìwé Ọpẹ́ Mi Ṣe Dọ̀bálẹ̀ ní Èbúté

Tíṣà tí ó wá dípò tíṣà wa kò fẹ́ràn omi. Ọmọ Òjòwò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, níbi tí igi ti pọ̀ ju odò lọ. Àwa sì jẹ́ ará Màkún-Omi, tí a máa ń wọ ọkọ̀ kí a tó lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Nígbà tí ojú ń dun tíṣà wa, tí ó sì lọ sí Èkó láti tọ́jú rẹ̀, ni wọ́n rán adelé yìí sí wa. Bàbá mi ni ó fi ọkọ̀ gbé e wá. Ó ròyìn fún wa pé ọkùnrin náà di ojú láti èbúté dé èbúté, pé orin ìsìn ni ó ń kọ, àti pé bí ọkọ̀ bá ti mì ni ohùn rẹ̀ ń ga sí i.

Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa dáadáa. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ bí a ti ń kọ àròkọ, tí gbólóhùn kan yóò fi bí èkejì. Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ pé ojú tíṣà wa ti sàn, tí adelé yóò sì padà sílé, mo pinnu láti kọ ìwé ọpẹ́ sí i.

Bàbá mi kò rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti fẹ́ kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀, kí n lọ máa bá àbúrò rẹ̀ dẹ àwọ̀n ní Efire, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kí àgbà lóròó bí òpó.

Ó bi mí pé, “Ìwé tí o fẹ́ kọ yìí, níbo ni yóò ti dọ̀bálẹ̀?”

Mo dá a lóhùn pé ìwé kì í dọ̀bálẹ̀.

“Èmi náà ti fura,” ni ó wí, ó sì ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lọ.

Ìyá mi ni ó bá mi bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn ó gbà pé òun ni yóò tukọ̀ gbé tíṣà padà, òun yóò sì fi ojú ara òun wo bí mo ti ń dúpẹ́. Bí ìwé náà bá dójú ti òun, kí n wọ inú ọkọ̀ kan náà, òun yóò já mi sí Efire. Ó ní kí ìyá mi di ẹrù mi sílẹ̀.

Mo kọ ìwé náà bí ẹni tí ń kọ́lé. Nítorí pé n kò mọ àkókò tí tíṣà yóò kà á, mo kọ ọ́ pé ẹ káàárọ̀, bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀. Ẹ káàsán, bí ó bá jẹ́ ọ̀sán. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú wàhálà wa, mo tilẹ̀ kí i kú ewu omi tí kò tíì wọ̀. Mo kí àwọn òbí rẹ̀ tí n kò mọ̀, àti gbogbo Òjòwò lápapọ̀. Ìyá mi ní kí n má gbàgbé láti bá òun kí i. Ìyá àgbà gbọ́, ó ní kí n fi ti òun ṣáájú. Nígbà tí mo fi dé orí ọpẹ́ gan-an, tákàdá ti tán, mo sì há ọpẹ́ mọ́ igun ìsàlẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí tíṣà ń lọ. Ẹrẹ̀ èbúté dà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Bàbá mi ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹrù mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé sí tíṣà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi lára mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí àgbà yóò fi ní kí ó dìde, tíṣà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó kà á dé igun ìsàlẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti “ẹ káàárọ̀.” Ìyá arúgbó kan tí ń ṣa ẹja nítòsí béèrè bóyá mo ti sùn.

Láti ibi tí mo wà, ẹsẹ̀ tíṣà nìkan ni mo ń rí. Ọmọ ìka rẹ̀ ti wọ inú ẹrẹ̀, wọ́n gbá a mú bí èékánná àwòdì. Bí ọkọ̀ bá ti mì, wọ́n á tún rì sí i. Nígbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe adùn ìwé mi ni ó dá a dúró. Ọkọ̀ ni.

“Tíṣà,” ni bàbá mi wí, “omi ń fà o.”

Tíṣà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun láyè díẹ̀, nítorí ọpẹ́ tó báyìí kì í ṣe ohun tí a ń kà lẹ́ẹ̀kan. Ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi, tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni, wo tákàdá náà, ó wo èmi tí ẹrẹ̀ ti dé àgbọ̀n mi. Ó yíjú sí ìyá arúgbó ẹlẹ́ja.

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Ìyá. Láti ìgbà tí mo ti ń tukọ̀, n kò rí ìkíni tí ó mú ènìyàn dúró báyìí rí. Ìwé náà mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ ju ọmọ lọ.”

Ó ju ẹrù mi sí etí omi. “Dìde, kí o lọ wẹ̀. Ilé-ìwé kò ní dúró dè ọ́.”

Kí n tó na ẹ̀yìn mi tán, tíṣà tẹ̀ sí etí mi, ó rọra wí pé, “Ìwé rẹ gùn dáadáa. Ìbá sì tún gùn sí i.”

Bàbá mi gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé agbọ̀n. Mo dúró títí wọ́n fi wọ àárín omi. Mo retí orin ìsìn, ṣùgbọ́n tíṣà di ojú, ó ń kí gbogbo Òjòwò lápapọ̀, ó ń kí ara rẹ̀ kú ewu omi, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i bí ọkọ̀ ti ń mì.