Olùṣọ́ Kọ́kọ́rọ́ Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Òórùn ọ̀dà tuntun àti bọ̀ọ̀lì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ti gbọ́ orúkọ Oǹdó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ọ́fíìsì ilé-ìwé aládàáni kan níbẹ̀, obìnrin kan sì ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Àkúrẹ́ ni mo ti wọ mọ́tò wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, torí èmi àti ọ̀gá mi la ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn le fún wa gan-an. Àwọn oníbàárà wa ti yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé-ìwé yẹn nìkan ló kù tá a fi ń jẹun.

Iṣẹ́ ọjọ́ náà ò ju kí n fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, kí àwọn òbí lè rí i lórí fóònù wọn. Mọ́mì tó ni ilé-ìwé ti fẹnu lé e: "Bí aago méjìlá bá lù tí wọn ò tíì rí èsì, ẹ máa kó ẹrù yín lọ o. Màá padà sídìí bébà mi." Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tó sọ ọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, sáfà kọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ mi, fáìlì kékeré tí sáfà fi ń dá èèyàn mọ̀, wà níbẹ̀, kò sọnù. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ara mi yá gágá. Mo fẹ́ mọ̀dí ẹ̀. Mo tú u wò, tú u wò, ìgbà tí mo sì rí i, mo pariwo débi pé oníbọ̀ọ̀lì yọjú lójú fèrèsé.

Olùṣọ́ kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà níbẹ̀! Ètò tó ń di kọ́kọ́rọ́ èèyàn mú, tó ń bá a nà án sí sáfà, ẹyọ kan ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi ti fi tirẹ̀ síbẹ̀ tipẹ́, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Èmi náà wá fi tèmi kún un, torí ta ni mo jẹ́ tí màá yọ ohun tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ fi síbẹ̀? Àṣé tọ̀gá ló ń kọ́kọ́ dáhùn báyìí. Á na àwọn àtijọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, sáfà á ní àṣìṣe ti pọ̀ jù, á tilẹ̀kùn kó tó kan tèmi.

Mo pe ọ̀gá ní Àkúrẹ́. Mo ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì kó tó gbé e, bí ẹni pé ó ń wò mí. "Ẹ má bínú sà, mo fi tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín lórí kọ̀ǹpútà Oǹdó."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo rí i lóṣù tó kọjá. Mo ní bí mo bá yọ ọ́, wàá ní mo fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ rẹ. Ni mo bá rọra ṣètò tèmi kó máa ṣáájú."

"Háà, ọ̀gá!"

"Ṣé o ti kúnlẹ̀ ni? Dìde, jàre. Yọ tèmi dànù!"

Mo yọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlé! Mo fò sókè bí ọmọ ọdún méje. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjìlá lù nígbà tí bàbá kan pe Mọ́mì láti Ìjù, ó ní òun ti rí i pé ọmọ òun fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ọlọ́run má bínú, ijó ni mo fẹ́ jó.

Èmi náà ti di ọ̀gá báyìí. Mo ti mọ̀ pé ọ̀wọ̀ tí èmi àti ọ̀gá mi fi ń dákẹ́ fún ara wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Ẹni tó bá wá bá mi ṣiṣẹ́, mo máa ń sọ fún un pé ohun tèmi tó bá dí i lọ́wọ́, kó yọ ọ́, kó sì wá sọ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan yọ ètò tí mo fi odidi oṣù kan ṣe, ó sì wá sọ ọ́ lójú mi. Ó dùn mí wọra. Mo fa àga fún un, mo ní kó fi bí tirẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí.