Dúpẹ́ Gbọ́dọ̀ Gbọ́ Ọ Kí A Tó Tẹ̀ Ẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ìwé kékeré kan fi ojú mi rí.

Ìjọ wa ní Kàdúná ní kí n kọ ìwé pélébé nípa àdúrà nínú ilé, kí n sì fi ìtàn Dúpẹ́, ọmọbìnrin mi, sí i. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú un ní kékeré. Ó ń rìn báyìí, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni. Ó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

Ilé ìtẹ̀wé fi ìlànà ìkọ̀wé wọn ránṣẹ́. Inú mi dùn! Èmi tí n kì í fẹ́ kí kọ́mà kan ṣìnà! Wọ́n ní kí a kọ orí àti ẹsẹ̀ Bíbélì ní kíkún, kí a má sì bù mọ́ ẹ̀rí. Gbogbo rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé, àfi ẹyọ kan: ẹni tí a bá sọ ìtàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó sì gbà, kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kà á sí Dúpẹ́ létí? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé dókítà ní kò ní rìn mọ́. A ò sọ fún un rí. Bó bá bà á lọ́kàn jẹ́ ńkọ́?

Mo ní kí n yọ ìtàn náà kúrò pátápátá. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá Dúpẹ́, ṣé ọmọ lẹ bí ni, àbí ẹyin?”

Ni mo bá pe Dúpẹ́ jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo ṣàlàyé ìlànà náà fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ dókítà, mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

“Ẹ máa kà á lọ, Baba. Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin àti Màámi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.”

Mo kà á tán. Ó fajú ro.

“A'a, ó tì o, Baba! Ẹ gbàdúrà, Màámi sunkún, dókítà mirí. Èmi ńkọ́? Ṣé mo kàn fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni?”

Ó ní nígbà náà, ojoojúmọ́ lòun ń di ògiri mú, tóun ń ṣubú, tóun ń dìde, torí òun fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Máma Ládì, aládùúgbò wa tó ń dín kòsáì, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òórùn rẹ̀ ló ń pe òun!

Kòsáì nínú ìwé àdúrà? Mo ní àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé Ọlọ́run ò mọ òórùn àkàrà ni? Ó ní bí wọn ò bá rí òun nínú ìtàn náà, òun ò gbà.

Mo tún un kọ, mo fi ògiri, ìṣubú àti kòsáì sí i. Síbẹ̀, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. “Ọmọdébìnrin kan” ni mo kọ. Mo tún kà á fún un. Ó gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sórí “ọmọdébìnrin kan,” ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ ní kíkún.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí à ń bò mọ́ra kí ayé má pa á lára lè ti gbọ́n ju ẹ̀rù wa lọ. Bí ẹ bá ń kọ ẹ̀rí, ẹ kọ́kọ́ kà á fún ẹni tó ni ín. Ṣé ẹ̀yin náà ti sọ ìtàn ọmọ yín lójú rẹ̀ rí? Kí ló wí? Ẹ kọ ọ́ wá, kí àwa náà gbọ́!