Ìlà Mẹ́fà Tí Mo Fò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi ò tíì ga ju tábìlì ìtẹ̀wé bàbá mi lọ, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà nínú èdè Sípéènì, láti orí "mo ń sọ̀rọ̀" títí dé "wọn yóò sọ̀rọ̀". Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ rò pé inú fóònù nìkan ni ọgbọ́n ń gbé, ẹ rẹ́rìn-ín tán kí ẹ tó gbọ́ tèmi.

Bajulaiye la wà, ní Ṣómólú níbí. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń gbé. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Lẹ́tà òjé kéékèèké ni wọ́n ń fọwọ́ ṣà lẹ́yọ lẹ́yọ nínú àpótí, wọ́n á tò ó di ìlà, ìlà á di ojú ewé. Tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan jáde fún àyẹ̀wò, ìyẹn là ń pè ní pírúùfù. Bàbá mi á mú pírúùfù àti bírò pupa lọ́wọ́, èmi á jókòó tì í lórí àpótí, màá máa ka ìwé tí oníṣẹ́ fọwọ́ kọ sókè, òun á máa fojú bá mi lọ. Ibi tí ohùn mi bá ti yàtọ̀ sí ohun tó ń rí, àṣìṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni wá o, àmọ́ kò sí orin ìjọ tí mi ò mọ̀, nítorí ìwé orin ló ń bọ́ wa.

Ìwé orin yẹn náà ló gbé Tíṣà wá bá wa. Páńyà ni wọ́n ti bí i, erékùṣù tí àwọn èèyàn wa máa ń wọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó láyé ọjọ́un, èdè Sípéènì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní èdè náà nínú yàrá kan lójú ọ̀nà Pedro. Ó kọ ìwé kékeré kan lórí ọ̀rọ̀ ìṣe, ó gbé e káàkiri, gbogbo onítẹ̀wé ló ní àwọn ò ní lẹ́tà tó ní àmì lórí. Bàbá mi ní in. Àmì òkè tí à ń fi sórí Yorùbá náà ni wọ́n ń fi sórí tiwọn. Kódà n tó ní ìlà wíwọ́ lórí, èyí tó wà nínú "enseñar", ìyẹn kí èèyàn kọ́ni, ó wà nínú àpótí wa, ó ṣẹ́kù látara ìwé orin àtijọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Hablo, hablas, habla: mo ń sọ̀rọ̀, ò ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó ní ìdílé mẹ́ta ni àwọn ọ̀rọ̀ náà, ìrù wọn lèèyàn fi ń mọ ìdílé wọn, ìrù yẹn ló sì ń yí padà tó bá jẹ́ àná, tó bá jẹ́ òní, tó bá jẹ́ ọ̀la, tó bá jẹ́ èmi tàbí ìwọ. Ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Mo ń kà á tí mo bá ń fọ abọ́, mo ń kà á tí mo bá tẹ̀lé ìyá mi lọ ra ẹja ní Ìlàjẹ létí ọ̀sà, àwọn ẹlẹ́ja á ní kí ló ń ṣe ọmọ yìí. Lọ́jọ́ kan mo rí ibi tí Tíṣà ti gbàgbé àmì kan, tó fi sọ "ó sọ̀rọ̀" di "mo ń sọ̀rọ̀". Mo fi hàn án. Ó lanu, ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, "Àlàájì, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ lọ sẹ́kọ́ńdírì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Á lọ, inṣa Allahu. Ẹ jẹ́ ká tẹ ìwé yín tán ná."

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bàbá mi kì í ṣe ìkà. Kò nà mí rí, ẹran tó bá tóbi jù nínú abọ́ rẹ̀, èmi ló ń bù ú fún. Àmọ́ mo ti wúlò jù. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjì tí ìwé ò wọ orí wọn, kò sẹ́ni tó nílò wọn ní ṣọ́ọ̀bù, ni wọ́n bá ráyè lọ sẹ́kọ́ńdírì. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà ni wọ́n mú sílé pé kí n máa kà. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo parí pámárì, bàbá mi ní ọdún tó ń bọ̀. Ọdún náà dé, ó tún ní ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọdún kẹta, Tíṣà fúnra rẹ̀ ra fọ́ọ̀mù ìdánwò, ó kọ ọ̀rọ̀ kún un, bàbá mi sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò bọ́ sí. Mo ti wẹ̀, mo ti múra, pẹ́ńsùlù méjì wà lọ́wọ́ mi, ni bàbá mi bá pè mí sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé Tíṣà ti tà tán, a ti tún lẹ́tà rẹ̀ tò láti tún un tẹ̀, pírúùfù rẹ̀ ló wà lórí tábìlì. Bàbá mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí ìwé Tíṣà tó fẹ́ràn mi pẹ́ ni? "Jókòó, ọmọ mi. Ọdún tó ń bọ̀, wàá lọ."

Mo jókòó. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ mi lójú títì bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí ibi ìdánwò. Mo ń kà, omijé ń kán. Bàbá mi ní, "Nu ojú ẹ, kó má lọ ba ìwé oníṣẹ́ jẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lọ́kàn.

A dé orí "vivir", kí èèyàn máa gbé. Mo yọjú wo pírúùfù ọwọ́ bàbá mi, mo rí i pé ẹni tó to lẹ́tà ti fo ìlà mẹ́fà, gbogbo ti ọjọ́ iwájú pátá: viviré, vivirás, vivirá, viviremos, viviréis, vivirán. Tí mo bá kà wọ́n, bàbá mi á rí i pé wọn ò sí níbẹ̀. Mi ò kà wọ́n. Mo fò wọ́n, mo gba orí ọ̀rọ̀ tó kàn lọ, ohùn mi ò sì gbọ̀n. Bàbá mi fa àmì sísàlẹ̀ ewé pé ó pé. Nínú mi, mo ní kí ojú ti òun náà lọ́jọ́ kan.

Ìbínú ò da nǹkan kan fúnni, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tipẹ́, etí mi ò gbà á. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n dì í, Tíṣà wá kó o. Ó ṣí i tẹ̀ríntẹ̀rín, ó dé ojú ewé yẹn, ó fi ìka tẹ ibi tí ìlà ti sọnù. Ó nà án sí bàbá mi. Bàbá mi wá pírúùfù jáde, ó rí àmì ọwọ́ ara rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo ti ń retí kó yíjú sí mi. Kò tilẹ̀ wo ibi tí mo wà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ọmọ mi kì í fo ọ̀rọ̀. Ojú mi ni. Ojú mi ti ń lọ."

Yéè! Ojú bàbá mi ò ṣe nǹkan kan. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ló wò, ó wò mí pẹ́, mo sì wolẹ̀. Òun nìkan ló ń bá mi bẹ̀bẹ̀ láyé yìí, ìwé tirẹ̀ ni mo sì bà jẹ́. Kò tú àṣírí mi. Ó kó ìwé rẹ̀ lọ, ó gbé iṣẹ́ tó kàn fún onítẹ̀wé mìíràn, kò sì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ sẹ́kọ́ńdírì mọ́ títí tó fi kú.

Bàbá mi ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn, kò fọkàn tán ojú ara rẹ̀ mọ́. Ó gbé bírò pupa fún mi, ó ní, "Ìwọ ni ojú mi báyìí." Ta ló máa ń rán ojú rẹ̀ lọ sílé ìwé? Kò wí "ọdún tó ń bọ̀" mọ́ rárá. Àfọwọ́fà ni, ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. Orí àpótí yẹn ni mo wà títí ọkọ fi wá fẹ́ mi. Lọ́jọ́ tí bàbá mi ń kú lọ, mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á san án fún mi, pé èmi ni mo fi ojú fún òun. Mo ní àmín.

Ayé ti yí padà. Wọ́n ṣì ń tẹ̀wé ní Bajulaiye, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń wá àṣìṣe ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ ṣe ojú mọ́. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì, ó ń fi èdè Sípéènì ṣeré lórí fóònù tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo ń yọ̀ fún un, mo sì ń jowú rẹ̀, kí n má purọ́ fún yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń ka "vivir" sókè, ó dé ti ọjọ́ iwájú, ó há. Mo wà ní kíṣìnì, mo ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún un láìdánu dúró. Ó sáré wọlé wá bá mi, ó ní, "Mọ́mì àgbà, ta ló kọ́ yín?"

Mo ní Tíṣà kan ni, nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní ṣé ó ṣì wà láyé, kí àwọn lọ kí i. Mo ní rárá, ó ti kú, bàbá mi náà ti kú. Kò sẹ́ni tó kù tí mo lè bẹ̀.