Ẹ̀yìn Tó Ń Dun Kóòṣì Hutchens

Ká má parọ́, kò sí ohun tó ń ṣe Delbert Hutchens lẹ́yìn. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Tansill ní Alabama ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sáré. Ó borí nígbà mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó fìdí rẹmi nígbà ọgọ́rin. Ẹyọ kan péré yẹn ni ayé rẹ̀ dúró lé. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni pé kóòṣì tí ìgbà tó borí bá ju ìgbà tó fìdí rẹmi lọ nìkan ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹnu géètì pápá tó bá fẹ̀yìn tì. Ọgbọọgba ò tó. Ó wá ku ìdíje kan ṣoṣo kó fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú àwọn ọmọ Maddrell tí wọ́n máa ń lù wọ́n bí kíkú bí yíyè lọ́dọọdún.

Láàárọ̀ Sátidé ìdíje náà, Kóòṣì ní ẹ̀yìn ń dun òun, òun ò lè dìde. Kí Lonnie Stubbs, igbákejì òun, lọ darí wọn. Ọgbọ́n àyínìke! Tí wọ́n bá nà wọ́n, ọrùn Lonnie ni wọ́n máa kọ́ ọ sí.

Àwọn obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi gbọ́, wọ́n ru oúnjẹ aláìsàn dé: adìẹ tí wọ́n fi wàràkàṣì yan, abọ́ lórí abọ́. Aláìsàn ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

"Delbert, ẹ̀yìn yìí ò mà dí ẹ lọ́fun o," Lurleen ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Dákẹ́ jàre, mò ń gbọ́ rédíò."

Rédíò yẹn ló kó bá a. Lonnie, tí Hutchens kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀, tú àwọn ọmọ sílẹ̀, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù, wọ́n ń sáré bí iná ọyẹ́. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi, ààmì mẹ́tàdínlógún ni Tansill fi ń ṣáájú! Àwọn èèyàn ń pariwo, "Lonnie! Lonnie!"

Ọ̀kánjúwà baba àrùn. Hutchens fò dìde, ó fi fóònù pe Mísì Orpha, ìyá àgbà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìdíje fún kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Mísì Orpha, èmi ni kóòṣì àgbà. Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ sí ìdíje òní o!"

"Ṣebí wọ́n ní ẹ ò lè dìde?"

"Mo ti dìde! Ẹ kọ ọ́!"

"Ẹ ò ní dúró ká mọ ibi tó máa já sí?"

"Ẹ kọ ọ́ báyìí!"

"Ó dáa. Mo ti kọ ọ́. Bíírò ni mo fi kọ ọ́ o, Kóòṣì."

Ó wọ ẹ̀wù lé aṣọ ìsùn, ó dé pápá.

"Bọ́ sẹ́yìn, Lonnie. Àgbà ti dé."

Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ló bá dá àwọn ọmọ padà sínú eré rẹ̀ àtijọ́: ẹ gbé bọ́ọ̀lù gba àárín, wọ́n gbé wọn ṣánlẹ̀, ẹ tún gbé e gba àárín, wọ́n tún gbé wọn ṣánlẹ̀. Maddrell ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń lé wọn bọ̀. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn máa dún, wọ́n ti fi ààmì kan lé wọn kọjá. Ìgbà tí Hutchens borí àti ìgbà tó fìdí rẹmi wá di ọgbọọgba.

Hutchens gun òkè lọ bá Mísì Orpha nínú yàrá àkọsílẹ̀ tó wà lókè pápá. Omijé ti dé ojú rẹ̀.

"Mísì Orpha, ẹ ṣàánú mi. Lonnie ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀, Kóòṣì," ni ìyá náà wí. "Ó sì ń borí títí ẹ fi dé."