Kòkò Tábà Tí Mo Fi Igi Ọsàn Gbẹ́

Èmi ni mo fọ́ kòkò tábà ìyá onílé wa, kò sí ẹlòmíì tí mo lè ti ẹ̀bi rẹ̀ sí lọ́rùn. Mo ń gbé pákó àfàrà kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, ó gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, mo sì yí i níbi tí kò yẹ kí n ti yí i. Ìdí pákó náà gbá orí ògiri kúkúrú tó wà níwájú ilé, níbi tí Ìyá máa ń gbé kòkò wọn lé bí wọ́n bá fẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì ṣe nǹkan. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹyin bá já bọ́. Kí n tó wẹ̀yìn, ó ti di wẹ́wẹ́ nílẹ̀.

Ìgàndó la wà nígbà náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Yàrá kan ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa gbà nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìrìn díẹ̀ sí ilé. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tí ọ̀gá mi ní Ẹgbẹ́dá fún mi ní fíríìdọ̀mù iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dá mi lójú. Bí o bá ya àwòrán àga sórí iyanrìn fún mi, wàá jókòó lórí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ìyá onílé yìí ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Àwórì ni wọ́n, ọmọ bíbí ilẹ̀ ibẹ̀, ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Ọrùn kòkò amọ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, ó gùn, orí rẹ̀ kéré, èéfín sì ti sọ ọ́ di dúdú tó ń dán. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ láàárín àwa ayálégbé. Bí ẹni méjì bá ń jà, tí wọ́n gbé ẹjọ́ wá, Ìyá á tẹ́tí sí wọn dé òpin, wọ́n á fa kòkò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tú èéfín sókè, wọ́n á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Títí wọn á fi la ẹnu, inú ẹni tó ń bínú á ti rọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò rí i ni."

Wọ́n wo àwọn àfọ́kù náà fún ìgbà díẹ̀. "Dìde, káfíńtà. Ṣé pákó yẹn ò gbá ìwọ náà?"

"Rárá, mà. Màá ra òmíì fún yín."

"Níbo? Obìnrin tó mọ ọ́n ti lọ sọ́run, kò sì sí ọmọ rẹ̀ kankan tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ta ló tún ń mọ kòkò ní gbogbo ìhín?"

Kí n tó rò ó, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. "Màá fi igi gbẹ́ ẹ fún yín, mà. Á rí bí èyí gẹ́lẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọ̀rọ̀ pa lẹ́rìn-ín. "Igi? Ìgbà wo ni igi àti iná di ọ̀rẹ́?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, mà. Iṣẹ́ mi ni."

Mo kó àwọn àfọ́kù náà sínú fìlà mi. Inú yàrá ni mo ti kọ́kọ́ tò wọ́n, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí n lè wọn gígùn rẹ̀, nígbà tí ìyàwó mi wọlé. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyàwó mi ń lọ, kì í sì fi ọ̀rọ̀ ìjọ ṣeré.

"Bàbá ọmọ mi, kí lẹ kó sórí tábìlì yẹn?"

Mo sọ fún un.

"Haà! Nínú ilé wa níbí lẹ ti fẹ́ máa ṣe ohun èlò tábà? Ibi tí mo ń kúnlẹ̀ gbàdúrà sí?"

"Mi ò ní mu ún. Èmi ni mo fọ́ ọ, èmi ni mo máa ṣe é."

"Ẹ lọ ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, jàre. Kó má wọ ibí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, kòkò náà gùn láti ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọrùn ọwọ́, ihò orí rẹ̀ sì gba àtàǹpàkò mi dé oríkèé. Mo mú ègé igi ìrókò tó ṣẹ́kù lára ilẹ̀kùn tí mo ṣe, mo fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ fún ọjọ́ méjì. Ó rẹwà. Àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó. Ó wá ku ihò tí èéfín á gbà kọjá nínú ọrùn. Mo yọ wáyà kan lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́, mo ti orí rẹ̀ bọ inú ẹyín iná títí ó fi pọ́n, mo sì ń fi jó ihò wọ inú igi díẹ̀díẹ̀. Mo dé ìdajì, wáyà náà sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ejò tó yọ nínú koríko.

Mo tún ṣe òmíì. Èyí là sí méjì. Kò tán síbẹ̀: nígbà tí mo sọ èérún ìrókò náà sínú iná, èéfín rẹ̀ mú mi sín léraléra. Mo sì fẹ́ fi gbé èéfín sẹ́nu àgbàlagbà!

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni obìnrin méjì nínú ilé jà nídìí kànga. Ọ̀kan ní èkejì da omi òun nù, èkejì ní ìyẹn ló gba kóròbá òun láìtọrọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá síwájú Ìyá. Mo wà níbẹ̀, mo ń fi ìṣó kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìyá gbọ́ ẹjọ́ náà tán, wọ́n na ọwọ́ sí orí ògiri kúkúrú yẹn. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọwọ́ wọn dúró sáfẹ́fẹ́, wọ́n wò ó bí ẹni pé kì í ṣe tiwọn. Àwọn obìnrin náà ò dúró de ìdákẹ́jẹ́ kankan, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé ara wọn lórí. "Ẹ máa lọ," ni Ìyá sọ, "ẹ padà wá nígbà míì." Wọ́n lọ, wọ́n sì ń bá ìjà wọn lọ fún ọjọ́ púpọ̀. Èébú ì bá sàn fún mi ju ọwọ́ tí mo rí yẹn lọ.

Mo jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, mo bi ara mi léèrè ohun tí ọ̀gá mi á ṣe. Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ wá sí mi lọ́kàn: "Igi tó nípọn ló ń dárí ji ènìyàn." Mo bú sẹ́rìn-ín. Láti ìparí iṣẹ́ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀! Kí n kọ́kọ́ lu ihò náà nígbà tí igi ṣì nípọn, kó gba ibi tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà ni kí n máa fá igi dànù yí ihò ká. Igi ló máa tẹ̀lé ihò, kì í ṣe ihò ló máa tẹ̀lé igi.

Ó wá ku irú igi. Mo lọ bá Ìyá. "Ìyá, èéfín igi wo ni kì í yọ yín lẹ́nu?"

Wọ́n fi kọ̀rọ̀ ojú wò mí. "Igi ọsàn. Òun la fi ń yan ẹja nílé bàbá mi. Ṣé o ò tíì jáwọ́ nínú nǹkan yìí ni?"

"Mo ti fẹ́ parí ẹ̀, mà." Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó mọ ibi tó ń lọ ni.

Igi ọsàn kan wà lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ti gé e lulẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga. Ó ti gbẹ dáadáa. Mo wá ibi tí ẹ̀ka ti yà lára rẹ̀, mo fi ayùn gé e níbẹ̀: ara igi fún orí kòkò, ẹ̀ka fún ọrùn, kí ó má baà là. Mo fi wáyà jó ihò náà láti ẹnu ẹ̀ka tí mo gé, mo fi gbogbo òwúrọ̀ kan ṣe é, mo sì gbẹ́ orí títí méjèèjì fi pàdé. Nígbà tí mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, tó gba ihò orí jáde, mo pariwo débi pé fọkanáísà tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì béèrè bóyá mo gé ọwọ́. Mo tún ti wáyà bọ inú ihò náà, mo fi sílẹ̀ síbẹ̀ láti máa tọ́ mi sọ́nà, mo sì ń fá igi díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti amọ̀. Mo fi sáńpépà parí rẹ̀.

Ẹ̀rù iná ló kù. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi níbi oúnjẹ alẹ́, mo kàn ń sọ ọ́ ṣá ni, pé inú orí kòkò yẹn lè jó. Ó gbé ọwọ́ kúrò nínú abọ́.

"Màmá mi kì í gbé ìkòkò kaná láìfi eérú ra ìdí rẹ̀."

"Eérú nìkan ò ní lẹ̀ mọ́ igi."

Ó dìde, ó gbé ìgò oyin tó fi ń gbàdúrà, ó dà díẹ̀ sínú ife. "Ẹ po eérú mọ́ èyí. Ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo fún yín o."

Mo pò ó, mo fi ra inú orí kòkò náà, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi le bí òkúta.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e lọ bá Ìyá. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́, wọ́n wò ó lókè nísàlẹ̀. "Ó fúyẹ́," ni wọ́n sọ. Wọ́n ki tábà sí i, wọ́n ṣáná sí i. Gbogbo ayálégbé ló wá iṣẹ́ ṣe níwájú ilé lọ́sàn-án yẹn: ẹni tó ń fọ aṣọ tó mọ́, ẹni tó ń gbá ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá. Ìyá fà á, wọ́n tún fà á. Èéfín jáde tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ sókè. Wọ́n mu ún tán pátápátá, wọ́n gbọn eérú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ìka wo inú rẹ̀. Kò jó.

"Káfíńtà."

"Mà."

"Ti amọ̀ máa ń jó mi lọ́wọ́. Èyí ò jó mi."

Wọ́n ní kí n bá wọn pe àwọn obìnrin kànga wá, kí ọ̀rọ̀ yẹn sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó parí. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, apá rẹ̀ méjèèjì wà láyà, ó ń ṣe bí ẹni tí kò wo nǹkan kan.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí bàbá arúgbó kan fi gun ọ̀kadà wá láti Ìjẹ̀gùn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, eruku sì bo gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni káfíńtà tó ń fi igi ṣe kòkò?"

"Èmi ni, sà."

"Èmi náà fẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí tèmi gùn ju ti ìyá yẹn lọ o. Ìyàwó mi ní irùngbọ̀n mi ń rùn fún èéfín."

Mo ní kí bàbá náà na ọwọ́ rẹ̀, mo fi okùn wọ̀n ọ́n láti èjìká dé orí ìka, mo sì mú ayùn mi, mo gba ọ̀nà ibi tí igi ọsàn yẹn wà lọ.