Irin Tí Mo Fọ̀

Kí n tó lo ọ̀sẹ̀ kan nílé-iṣẹ́ irin lẹ́yìn ìlú Accra, ìyá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Alajo pé ọmọ òun ń ṣe irin. Irin wo? Àgbàlá ni mo ń tọ́jú. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń dán mi wò, ìyá mi sì ti ṣíwọ́ ọjà. Iṣẹ́ yìí nìkan la gbójú lé.

Wọ́n á da òkúta irin àti èédú ilẹ̀ sínú ìléru gbọọrọ tó ń yí. Òkúta náà ò ní yọ́. Iná èédú á kàn lé ìpẹtà ara rẹ̀ lọ, á wá ku irin dúdú oníhò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn. Àwọn tó ń yọ́ irin ló ń rà á.

Lọ́jọ́ kan, máníjà ní àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́la, kí n tún àgbàlá ṣe. Mo wo òkìtì irin, eruku èédú bò ó. Ọmọ ẹni tó ta ìkòkò lọ́jà Kaneshie ni mí. Àràárọ̀ la máa ń fọ ìkòkò kí oníbàárà tó dé, ìbáà ti pé ọdún kan lórí àtẹ. Mo fa rọ́bà omi, mo fọ irin títí ó fi ń dán. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, òkìtì ti pọ́n, ó ń rú oru. Ìpẹtà tí wọ́n fi èédú rẹpẹtẹ lé lọ, èmi ti dá a padà lọ́fẹ̀ẹ́.

Fọ́máànù wa, bàbá ẹ̀yà Ga kan tó máa ń pe àwa Yorùbá ní Alata, káwọ́ lérí. “Alata! Ṣé o da omi sí i ni? Omi kì í kàn án o! Ìpẹtà á tún mú un, á sì máa gbóná!”

Kí n tó fèsì, àwọn àlejò ti wọlé. Wọ́n fẹ́ràn oru náà gan-an, wọ́n ya fọ́tò níwájú rẹ̀. Ọ̀kan bèèrè bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná ni. Máníjà wò mí, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ṣì gbóná.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó pè mí. Ìwé méjì wà lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ sọ pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Èkejì sọ pé òjò ló ba irin jẹ́, pé ojú mi ló ṣe. Ọyẹ́ ń mú nígbà náà, ètè gbogbo wa ti là.

“Méjèèjì ni o máa fọwọ́ sí,” ó ní, “tàbí kí o má fọwọ́ sí ìkankan.”

Mo rántí ìyá mi. Ojú tì mí gan-an. Ìwé òjò ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí.